Bí Ẹ̀rù Ìdánwò Ṣe Di Iṣẹ́ Àáró

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé, tí ìyá mi ṣì ń di irun mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Lánlátẹ̀ ni ilé wa, ilé ìwé girama tí mo ń lọ sì wà lójú ọ̀nà Èrúwà. Ìdánwò ìṣirò ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti pín ìwé ìbéèrè, mo ti kọ orúkọ mi, mo sì ti rí i pé mo mọ ìbéèrè àkọ́kọ́ dáadáa. Bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ńbà orí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọwọ́ mi tutù. Àyà mi ń lù kì-kì-kì bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni mo fi sáré wá láti ìlú Tápà. Mo fẹ́ mí, èémí kò tó mi, àfi bí ẹni pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà. Ohun tí mo tún rántí ni pé mo ti wà níta, mo di igi dógóyárò mú, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè máa rò pé n kò kàwé ni. Mo kàwé. Bí n kò bá kàwé ni, n kò rò pé ẹ̀rù ì bá bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ewu ni pé kì í ṣe èmi ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa. Àbúrò ìyá mi kan, ọkùnrin, ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú mìíràn kí wọ́n tó bí mi. Ó háyà yàrá kan níbẹ̀, òun nìkan ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ní ó ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde rẹ̀ kù díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé e wá sílé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nílé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Yóò jókòó ti ògiri láti àárọ̀, yóò máa wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwé ló jó ọpọlọ rẹ̀. Bí ọmọ kan bá pẹ́ nídìí ìwé ní agbo ilé wa, wọ́n á ní, "Rọra o, kí o má lọ ṣe bíi Bọ̀ọ̀dá."

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn délé pé mo sá jáde nínú ìdánwò, pé mo ń gbọ̀n, ìyá mi kò bá mi wí. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó wò mí, ó wo Bọ̀ọ̀dá nídìí ògiri, ó tún wò mí. Èmi náà wo Bọ̀ọ̀dá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀, bóyá màá rí ohun tó ń rí níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Wọ́n fá irun mi kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí orí. Wọ́n ń fi àdín pa á láràárọ̀. Ìyá mi kó gbogbo ìwé mi sínú àpò, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, ó kó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí wa. Wọ́n á fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè pé, "Ara ọmọ ńkọ́?" nígbà tí ọmọ náà dúró síwájú wọn. Bàbá mi ránṣẹ́ láti abúlé pé kí wọ́n má ṣe rán mi níṣẹ́ tó bá le.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí gbogbo ará ilé bá ń yọ́ rìn nítorí ejò? Ẹni tí kò tilẹ̀ rí ejò yóò gbà pé ó wà níbẹ̀. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo gan-an ni nǹkan náà ṣe rí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lójú tiwọn.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, tí a wọ kíláàsì àṣejáde, ìyá mi lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Sà, ọmọ mi kò lè ṣe ìdánwò ńlá yẹn o. Ẹ jẹ́ kó máa wá jókòó, kó máa gbọ́. Ìyẹn tó."

Ọ̀gá àgbà kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní, "Màmá, ẹni tí kò ní ṣe ìdánwò, kí ló wá ń gbọ́? Móòkì ń bọ̀. Bó bá jókòó nínú rẹ̀ dé òpin, a ó jọ tún un sọ. Bó bá tún sá jáde, ẹ máa mú un lọ sílé, ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́."

Móòkì ni ìdánwò tí ilé ìwé ń ṣe fúnra rẹ̀ ṣáájú ìdánwò àṣejáde. Ìyá mi ti ní iṣẹ́ lọ́kàn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ní Igbó-Ọrà. Iṣẹ́ náà dára, mo sì mọ àwọn tó fi jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ di láti kékeré. Mo wá mọ̀ nígbà yẹn pé gbogbo rẹ̀ kò ju kí n lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìdìde lọ, ohun tí mo sì rò pé n kò lè ṣe gan-an nìyẹn.

Ìgbà ẹ̀gúsí dé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ àáró, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí èèyàn bá pe ọ̀wẹ̀, ogunlọ́gọ̀ á wá bá a ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Àáró yàtọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ni. Lónìí a ó ṣe tèmi, lọ́la a ó ṣe tìrẹ, títí á fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀ kò lẹ́nu láti sọ pé òun kò jáde nígbà tó bá kan ẹlòmíì. Bí ara rẹ̀ kò bá tilẹ̀ yá, á fi ẹnìkan rọ́pò. Lọ́dọ̀ wa, àwa ọmọbìnrin ń fi àáró bó ẹ̀gúsí àwọn ìyá wa. A ó jókòó yí ẹní ká lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ̀gúsí láàárín, èèpo yóò máa fò sí gbogbo ara.

Ìyá mi gbà kí n lọ, nítorí ẹ̀gúsí kì í ṣe ìwé. Ọmọ kíláàsì wa ni àwa tí a jọ ń ṣe é. Ọmọ káfíńtà wà láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ mú bí ayùn bàbá rẹ̀. Ọmọ tíṣà kan náà wà níbẹ̀, òun ló máa ń gba ipò kìíní. Àwọn méjì yìí ni ìtàn mi kàn jù.

Lọ́jọ́ tó kan ilé wa, ọmọ káfíńtà mú ìwé báólójì rẹ̀ dání wá. Ìyá mi rí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìwé kí nìyẹn? Mo ti ní n kò fẹ́ rí ìwé lọ́wọ́ ọmọ yìí."

Ọmọ káfíńtà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ tèmi ló wà. Ẹ wo ọwọ́ tirẹ̀, ẹ̀gúsí ni."

Ìyá mi wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹnu yìí kò ní pa ọ́," ó sì wọlé lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan á máa kà sókè, àwa yòókù á máa bó, a ó sì máa dáhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a ṣàdéhùn pé ilé ẹni tí iṣẹ́ bá kàn, ẹ̀kọ́ tó bá le jù fún ẹni náà ni a ó kà níbẹ̀. Bí àáró ṣe bọ́ sí orí ìwé nìyẹn, kò sí olùkọ́ kankan tó ní ká ṣe é.

Nǹkan yẹn tún bá mi níbẹ̀. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan lórí ìṣirò, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èémí mi yí padà. Ìka mi ń sáré, ẹ̀gúsí sì ń fọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ káfíńtà ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ gbà mí! Ẹ wo ẹni tí a ní kó bó ẹ̀gúsí, ó ń lọ̀ ọ́!"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó ń bọ̀."

"Kí ló ń bọ̀?"

"Nǹkan yẹn."

Mo rò pé wọn yóò pe ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ káfíńtà kàn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń béèrè ọkọ̀. "Níbo ló dé? Ṣé ó ti kọjá Èrúwà?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní láti wo inú ara mi kí n tó dáhùn. Mo ní, "Ó ti kọjá. Ó ti dé àyà."

"Kò tíì dé gáréèjì Lánlátẹ̀?"

"Kò tíì dé orí."

"Ó dáa. Bó ẹyọ kan kó tó dé. Rọra. Má mú òmíràn títí wàá fi mí."

Mo bó ẹyọ kan. Mo mí. Mo bó òmíràn. N kò ní sọ pé ẹ̀rù náà fò lọ bí ẹyẹ. Ó dé, ó jókòó, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ń dín kù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ó lè dé kó sì lọ láìjẹ́ pé mo sá fún un.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, ọmọ tíṣà tó ń gba ipò kìíní wúkọ́. Ó ní, "Àyà nìkan ni tìrẹ ń mú? Inú ni tèmi o. Ṣé ẹ rò pé ìwé ni mo ń yẹ̀ wò kẹ́yìn nígbà tí mo bá sá lọ sẹ́yìn kíláàsì láàárọ̀ ìdánwò? Ṣáláńgá ni!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Gbogbo wa wá ń sọ tiwa. Ẹnìkan ní òun kì í lè gbé oúnjẹ mì. Òmíràn ní òun máa ń gbàgbé orúkọ bàbá òun. Ọmọ káfíńtà ní òun kì í bẹ̀rù ohunkóhun, a sì hó lé e lórí nítorí a mọ̀ pé irọ́ ni. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń rò ó. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá nìkan ni nǹkan yìí wà.

Láti ìgbà náà, a sọ ọ́ di àṣà. Bí ó bá ń bọ̀ sí ẹnikẹ́ni, á sọ ibi tó dé. "Ó wà ní Èrúwà." "Ó ti wọ gáréèjì." Àwọn yòókù á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró tì í títí á fi kọjá.

Ọjọ́ móòkì pé. Ìyá mi bá mi lọ sí ilé ìwé. Abẹ́ dógóyárò ló jókòó sí, ó gbé omi àti aṣọ tútù dání, ó ń dúró kí n sáré jáde kó lè gbà mí mú. N kò lè sọ fún yín bí ó ti le tó láti jókòó sínú gbọ̀ngàn nígbà tí ìyá ẹni wà níta tó ti múra sílẹ̀ de ìṣubú ẹni.

Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ó sì dé. Èrúwà, àyà, gáréèjì. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé orí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ bó ẹ̀gúsí tí kò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan, mo mí. Ẹyọ kan, mo mí.

Tíṣà tó ń ṣọ́ wa dúró lé mi lórí. "Dìde! Kí ni ìka rẹ ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ó rò pé mo ń fi ọwọ́ júwe ìdáhùn fún ẹlòmíì ni, ìyà ìyẹn sì ni kí wọ́n lé èèyàn jáde. Ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìlà ẹ̀yìn, ọmọ káfíńtà na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀gúsí ló ń bó."

"Ẹ̀gúsí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àáró wa ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, bóyá ó rí òógùn tó wà níbẹ̀. Ọmọ Ìbàràpá bíi tiwa lòun náà, ó mọ àáró ẹ̀gúsí. Ó ní, "Máa bó o lórí ẹsẹ̀ rẹ, lábẹ́ tábìlì. Má jẹ́ kí èèpo rẹ̀ fò bá mi." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, èémí mi sì já wálẹ̀. Ọ̀gá àgbà yí padà lọ. Mo mú bírò. N kò mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jókòó títí wọ́n fi lu agogo.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Nígbà tí a parí móòkì, ọ̀gá àgbà pe ìyá mi. Ó ní, "Ọmọ jókòó dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹnu yín lẹ fi sọ pé ara rẹ̀ kò gbé e. Ẹnu yín náà lẹ ó fi yí i padà kí n tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́." Ìyá mi ní òun yóò rò ó. Ó sì ń rò ó lóòótọ́. Yóò máa fọ abọ́, yóò dá ọwọ́ dúró, yóò wo ìdí ògiri. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ní kó má rántí. Ọjọ́ tí wọn yóò kó orúkọ lọ sì ti ń sún mọ́lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọbìnrin náà wọlé wá, wọ́n ró aṣọ iṣẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ tò síwájú ìyá mi.

"Ẹ kú ilé, mà. Àáró la wá pè yín sí."

Ìyá mi ní, "Àáró kẹ̀? Ẹ̀gúsí ti tán nílẹ̀."

Ọmọ tíṣà ló dáhùn, nítorí òun ni wọ́n rò pé ìyá mi yóò gbọ́ tirẹ̀. "A bó tiyín tán, mà. Ẹ kò tíì jáde fún wa."

"Èmi? Ṣebí ọmọ mi ń jáde."

"Ọmọ yín jáde fún àwọn ìyá wa, mà. Ọmọ yín ló wá kàn báyìí. Kò lè fi ara rẹ̀ rọ́pò yín níbẹ̀."

"Níbo ni iṣẹ́ náà wà?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ káfíńtà ní, "Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mà. Ó wà nílé ìwé láàárọ̀ yìí, a ti wò ó."

Ìyá mi wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ fẹ́ fi àáró mú mi."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, mà. Ẹ ní ẹni tó bá jẹ àáró tí kò jáde, òun nìkan ni yóò máa ro oko rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá dìde nídìí ògiri. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé bàtà ìyá mi jáde, ó gbé e sílẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó. Ìyá mi wo bàtà náà pẹ́. Ó wọ̀ ọ́, ó sì wé gèlè.

Gbogbo wa la tẹ̀ lé e. Wọn kò jẹ́ kí àwọn yòókù wọlé, wọ́n dúró sójú fèrèsé. Ìyá mi ní, "Sà, mo wá sọ pé ọmọ mi yóò ṣe ìdánwò. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o."

Ọ̀gá àgbà ń wá bírò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Màmá. Ọdọọdún ni ìdánwò àwọn ọmọ yìí kì í jẹ́ kí n sùn." Ó kọ orúkọ mi. Lóde, ọmọ káfíńtà pariwo pé, "Ó ti kọjá gáréèjì!" Ọ̀gá àgbà béèrè pé ọkọ̀ wo ni.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege ní ìwọ̀nba. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ ni mo ń ṣe dòní. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdáwà ló ṣe Bọ̀ọ̀dá bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọpọlọ pọ̀, ó yẹ kí oníṣègùn tètè rí i, wọn kò sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó dé.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ ló ń bó ẹ̀gúsí báyìí, àwọn lébìrà ni a ń gbà sí oko. Ilé ìwé mìíràn ní olùgbaninímọ̀ràn, wọ́n sì ní orúkọ fún nǹkan tó ṣe mí. Ìyẹn dára. Síbẹ̀ mo ń rí àwọn ọmọ tó háyà yàrá ní Èrúwà àti Igbó-Ọrà, oníkálùkù ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, fóònù lójú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ aládùúgbò mi, wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní òun kò lè mí dáadáa bí ìdánwò bá ti ń bọ̀. Mo ní kó wá rí dókítà wa, mo sì béèrè ẹni tó ti sọ fún. Ó ní kò sí, pé wọn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní wọ́n fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní yẹ̀yẹ́ yẹn wà lára ohun tó yọ mí.